Ṣé Kí A Kọ Ohun Tí À Ń Lépa sí Òkè Resume?

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÌDÍLÉ

Ibi kíkà: I Sámúẹ́lì 16:14-23, Nehemáyà 2:1-8
Kókó ẹ̀kọ́: Sọ ohun tí o lè ṣe kí o tó sọ ohun tí o ń fẹ́.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń rí nínú ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ó kan oúnjẹ, owó ilé àti iyì ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní resume ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwa ń pè ní CV nílé. Ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ìlà tí wọ́n ń pè ní Objective, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ sí òkè, lábẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì, láti fi sọ ohun tí wọ́n ń lépa. Àwọn kan ní dandan ni kí ó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ti di ohun àtijọ́, kí a yọ ọ́ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń béèrè, àwọn àgbà tí ilé-iṣẹ́ dá dúró lẹ́yìn ọdún púpọ̀ náà ń béèrè. Kí ni kí a ṣe?

Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé Houston, mo kọ ọ́ sí òkè ìwé mi pé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ṣí sílẹ̀ ni mò ń wá. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo rò pé bí wọ́n bá rí i pé n kò kọ iṣẹ́ kankan, wọn yóò tètè pè mí. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀, kò sí ẹni tó dáhùn. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ń ran àwọn awáṣẹ́ lọ́wọ́ ka ìwé náà tán, ó gbójú sókè, ó sì bi mí pé, "Kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe gan-an?" Ojú ewé méjì gbáko wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ kò rí ìdáhùn níbẹ̀. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án nílé, ńṣe ni mo dákẹ́, n kò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè obìnrin náà ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí.

APÁ KÌÍNÍ: IṢẸ́ TÍ ÌLÀ NÁÀ Ń ṢE TẸ́LẸ̀

Kí a tó lè mọ̀ bóyá kí a pa ohun kan mọ́ tàbí kí a jù ú nù, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà fún. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ní Houston máa ń ra ìwé ìròyìn Houston Chronicle ti ọjọ́ Ìsinmi, tàbí Houston Post kí ó tó kógbá wọlé ní 1995, kí ó lè ka ojú ewé ìpolówó iṣẹ́. Yóò tẹ resume rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ lóríṣiríṣi. Ìwé kan náà ni fún gbogbo ibi. Bí ó bá dé ọ́fíìsì tí kò tilẹ̀ polówó iṣẹ́, akọ̀wé ibẹ̀ ní láti mọ fáìlì tí yóò kó o sí: ṣé ti ìṣirò owó ni, àbí ti ilé ìkẹ́rùsí, àbí ti ẹ̀rọ? Objective ni ó ń sọ fún un. Ńṣe ni ó dà bí àdírẹ́sì lára àpò lẹ́tà.

Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà. Àyè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ní nọ́ńbà. Ẹnu ọ̀nà náà ni a gbà wọlé, nítorí náà ẹni tó ṣí ìwé wa ti mọ ipò tí à ń wá kí ó tó ka ọ̀rọ̀ kìíní. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ ń gba ìwé náà, tí ó sì ń bá wọn wá àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó iṣẹ́ náà. Bí ojú ènìyàn bá wá kan ìwé ọ̀hún, kì í pẹ́ lórí rẹ̀, torí ìwé mìíràn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òkè ìwé ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bà lé. Bí a bá fi ibẹ̀ sọ ohun tó ti mọ̀, pé iṣẹ́ ni à ń wá, a ti fi àyè tó dára jù lọ ṣòfò.

Ohun kan tún wà tí a mú wá láti ilé. Ní ayé àwọn bàbá wa, nígbà ìjọba òyìnbó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ máa ń tọ akọ̀wé lẹ́tà lọ, kí ó bá a kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni lẹ́tà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ìránṣẹ́ tó ń gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu ni ẹni tó fi ránṣẹ́ sì máa ń pe ara rẹ̀ ní ìparí. Ìwà ọmọlúàbí ìgbà náà nìyẹn, a kò sì bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ni ó jẹ́ kí ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá lórí ogún ènìyàn ní Ìkẹjà máa kọ ọ́ pé iṣẹ́ èyíkéyìí ni òun ń fẹ́.

APÁ KEJÌ: Ẹ̀KỌ́ LÁRA DÁFÍDÌ

Ẹ jẹ́ kí a ṣí I Sámúẹ́lì orí 16. Ẹ̀mí búburú ń yọ ọba Sọ́ọ̀lù lẹ́nu. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ dùùrù ta dáadáa, ọba sì gbà. A lè sọ pé àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ láàfin nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ Jésè ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ẹ fara balẹ̀ ka ẹsẹ 18. Kí ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà? Pé ọmọ náà mọ dùùrù ta. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé akọni ni, jagunjagun ni, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó rẹwà, Olúwa sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun mẹ́fà ni, nínú ẹsẹ kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ohun tí kò sọ. Kò sọ pé Dáfídì ń wá ibi tí yóò ti ní ìlọsíwájú. Kò sọ pé ibikíbi tí wọ́n bá fi í sí láàfin yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣẹ́ àgùntàn tí Dáfídì ń ṣe lójoojúmọ́ pàápàá kò sí nínú ẹsẹ náà. Ohun tí ọba nílò ni ó fi ṣáájú, nítorí ẹni tí ara ń ni máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kan ìrora rẹ̀ kí ó tó gbọ́ òmíràn.

Àwọn ìyá wa ní ọjà ti mọ èyí tipẹ́. Bí ìyá alákàrà bá ń polówó ọjà rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, kì í kígbe pé, "Mo fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ mi o!" Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé owó ló ń wá. Àkàrà gbígbóná ni ó ń pè, ẹni tí ebi ń pa ni yóò sì dá a dúró. Resume jẹ́ ìpolówó ọjà. Objective tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ dà bí alákàrà tó ń kígbe owó ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní arábìnrin kan ti ṣiṣẹ́ ọdún 7 ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní báńkì kan ní Ìbàdàn. Ó rí ìpolówó iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní Texas Medical Center: wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣàkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé, tí yóò sì máa tọpa gbèsè tí wọn kò tíì san. Ó kọ ọ́ sí òkè ìwé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì nìyí:

"Mò ń wá ipò gidi ní ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbèrú, níbi tí n óò ti lo ẹ̀bùn àti ìmọ̀ mi, tí n óò sì máa tẹ̀ síwájú."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀, ì báà ṣe awakọ̀, ì báà ṣe dókítà: gbólóhùn náà yóò ṣì bá a mu. Gbólóhùn tó bá bá gbogbo ayé mu kò sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni. Nísinsin yìí, ká ní ó yọ ọ́ kúrò, tí ó sì fi àkópọ̀ kúkúrú rọ́pò rẹ̀ báyìí:

"Oníṣirò owó tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 7 ní báńkì. Mo ń yẹ àkáǹtì oníbàárà 200 wò lóṣù, mo sì ń tọpa gbèsè títí tí wọn yóò fi san án. Mo ti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun 4 ní iṣẹ́ náà. Mo mọ Excel àti QuickBooks lò."

Ẹni kan náà ni, ìtàn ìgbésí ayé kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka èkejì yìí ti mọ ohun tí yóò fi arábìnrin náà ṣe ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Èyí ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè wa: bí o bá ń kọ̀wé fún ipò kan pàtó, tí irú iṣẹ́ tí o ti ṣe rí sì bá ipò náà mu, má kọ Objective. Kọ àkópọ̀ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípa ohun tí o lè ṣe. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ẹ rántí pé ẹni tó ń ka ìwé yín lè má tíì gbọ́ orúkọ HND rí, tàbí NYSC tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1973. Ẹ má kàn kọ lẹ́tà gbẹ́rẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe: pé fún ọdún kan, ìjọba rán yín lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí ìwé ẹ̀rí yín ṣe tó ní ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà, àwọn àjọ tó wà nínú ẹgbẹ́ NACES, bíi World Education Services, ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n sì ń gba owó fún un.

APÁ KẸTA: Ẹ̀KỌ́ LÁRA NEHEMÁYÀ

Ṣé a óò wá sọ pé Objective kò wúlò mọ́ rárá? Rárá o. Ẹ ṣí Nehemáyà orí 2. Agbọ́tí ọba ni Nehemáyà. Ọba rí i pé ojú rẹ̀ fà ro, ó sì bi í ní ohun tí ó ń fẹ́. Nehemáyà gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ kedere: kí ọba rán òun lọ sí Júdà, sí ìlú tí ibojì àwọn baba òun wà, kí òun lè tún un kọ́. Nígbà tí ọba béèrè ìgbà tí yóò padà, ó dá ìgbà fún un. Ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà tó wà lójú ọ̀nà, ó sì béèrè igi fún ẹnu ibodè àti odi ìlú.

Ibi tó ń lọ, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, àkókò tí yóò gbà, ohun tó nílò, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí Nehemáyà fi ní láti sọ ohun tí ó ń fẹ́, tí ìránṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ nípa Dáfídì kò fi sọ bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé iṣẹ́ tí ọba mọ̀ ọ́n sí kọ́ ni ó fẹ́ lọ ṣe. Agbọ́tí fẹ́ lọ mọ odi ìlú. Bí kò bá là á yé ọba, ọba kò lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Níhìn-ín ni a ti rí ìgbà tí Objective ṣe pàtàkì. Mẹ́rin ni.

1. Ẹni tó ń yí iṣẹ́ padà. Ká ní arákùnrin kan ti kọ́ àwọn ọmọ ní bàólójì fún ọdún 10 nílé, tó sì ti gba ìwé ẹ̀rí CNA ní Texas. Bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì bá rí ọdún 10 ní ilé-ìwé, yóò rò pé ìwé náà ṣìnà ni. Kí arákùnrin náà kọ ọ́ báyìí: "Olùkọ́ bàólójì fún ọdún 10, tó ti gba ìwé ẹ̀rí CNA, ń wá iṣẹ́ alẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yín. Mo ní sùúrù, mo mọ bí a ti ń ṣàkọsílẹ̀, mo sì mọ bí a ti ń ṣàlàyé ohun tó le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

2. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ ọdún 17 tó ń wá iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní H-E-B kò ní ìtàn iṣẹ́ tí yóò kó jọ. Kí ó sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́, ọjọ́ tí ó lè wá, àti ohun tó ti ṣe: pé òun ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún méjì, kò sì pẹ́ rí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gan-an ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe oyè nìkan.

3. Ìwé tí ẹlòmíràn yóò bá wa mú lọ. Èyí pọ̀ láàárín wa. Lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin kan yóò sọ pé, "Fún mi ní resume rẹ, kí n fi han ọ̀gá mi." Kò sí ipò kan pàtó, kò sí nọ́ńbà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá náà yóò bi í ni pé, "Kí ni ó ń wá?" Bí ìdáhùn kò bá sí lórí ìwé, ìtìjú arákùnrin náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjà ìwáṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí à ń pín ìwé fún ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ kan.

4. Ẹni tó ń ṣí bọ̀ wá sí Houston. Bí àdírẹ́sì rẹ bá ṣì wà ní New York tàbí Èkó, ìlà kan tó sọ oṣù tí o ń bọ̀ yóò mú iyèméjì kúrò.

A tún fi kún un pé bí fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ bá béèrè fún Objective, ẹ dáhùn. Ọba ti béèrè nìyẹn.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Objective tó dára fi ń dúró, bí ààrò: ẹni tí mo jẹ́, iṣẹ́ tí mò ń wá, ohun tí mo mú wá fún yín. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìkòkò yóò dànù.

APÁ KẸRIN: ÌRẸ̀LẸ̀ ÀTI ÒTÍTỌ́

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀yin ará, owó ilé ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù. Iṣẹ́ èyíkéyìí ni mo lè ṣe lóòótọ́." A gbọ́. Kò sí ìtìjú nínú kí oní-dígírì máa wa ọkọ̀, kí ó máa ṣọ́ ilé, tàbí kí ó máa tọ́jú arúgbó. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pa àgọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:3. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a ṣetán láti ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí àti kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó ń wá ẹ̀ṣọ́ ń fẹ́ ẹni tó lè ṣọ́ ilé. Ẹni tó ń wá awakọ̀ ń fẹ́ ẹni tó lè wakọ̀. Bí o bá fẹ́ wá méjèèjì, kọ ìwé méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sọ òtítọ́ tó kan iṣẹ́ náà. Láti sọ kedere pé Ọlọ́run ti fún ọ ní ìmọ̀ kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tó bo fìtílà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè retí kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn.

Ní ìhà kejì, ẹ má fi kún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Agbanisíṣẹ́ lè pe ibi tí o ti ṣiṣẹ́ rí, ó sì lè béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé rẹ. Nọ́ọ̀sì tó dé láti ilé, tí kò tíì yege nínú ìdánwò NCLEX-RN, tí Texas kò sì tíì fún ní láísẹ́ǹsì, kò gbọdọ̀ kọ RN sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni ló lè yẹ orúkọ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Texas Board of Nursing. Kí ó kọ ọ́ pé òun jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà fún iye ọdún báyìí, òun sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò. Òtítọ́ náà ní iyì tirẹ̀.

Àwọn kan ń béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a yọ dígírì kúrò nígbà tí a bá ń wá iṣẹ́ kékeré. Resume kì í ṣe ìjẹ́wọ́ gbogbo ayé ẹni. Ohun tó kan iṣẹ́ náà ni à ń kó síbẹ̀, nítorí náà a lè fi nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá béèrè gbogbo ilé-ìwé tí o lọ, tí o sì fọwọ́ sí i pé gbogbo rẹ̀ pé, dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a yọ kúrò nìwọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà lórí CV wa nílé: ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ tí a ti wá, ìjọba ìbílẹ̀, bóyá a ti gbéyàwó tàbí a ti lọ́kọ, iye ọmọ, ẹ̀sìn, àti fọ́tò. Òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú ti 1964 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fi ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá ṣe ojúsàájú. Òfin ti 1967 sì dáàbò bo ẹni tó ti pé 40 ọdún sókè nítorí ọjọ́ orí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kò tilẹ̀ fẹ́ rí nǹkan wọ̀nyí. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà Social Security tàbí ti green card sórí rẹ̀ láé. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti gbà yín síṣẹ́ ni wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù I-9, ìgbà náà ni ẹ óò mú ìwé yín jáde.

APÁ KARÙN-ÚN: IBI TÍ OHUN TÍ À Ń LÉPA YẸ KÍ Ó WÀ

Bí a bá yọ ọ́ kúrò lórí resume, kì í ṣe pé kí a yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ní Hábákúkù 2:2, Olúwa pàṣẹ fún wòlíì náà pé kí ó kọ ìran náà sílẹ̀ kí ó sì hàn kedere. Ẹ kọ tiyín, ṣùgbọ́n inú ìwé tó wà nílé ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Kí tọkọtaya jókòó lórí tábìlì oúnjẹ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí wọ́n bi ara wọn pé: Iṣẹ́ wo ni a fẹ́ máa ṣe ní ọdún márùn-ún sí i? Ta ni yóò kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé? Ta ni yóò máa gbé oúnjẹ wálé ní àkókò yẹn? Iṣẹ́ tí à ń ṣe nísinsin yìí, ṣé afárá ni, àbí ibùgbé? Ilé tí a kò ti sọ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìbínú ti ń wọlé, nítorí ọkọ rò pé aya mọ̀, aya rò pé ọkọ ti gbàgbé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí ó ń lépa nílé yóò mọ resume tí yóò kọ àti èyí tí kò ní kọ. Bí wọ́n bá sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí ó fi fẹ́ iṣẹ́ yìí, kò ní máa wo òrùlé. Yóò dáhùn bíi Nehemáyà, nítorí ó ti gbàdúrà lé e lórí kí ọba tó béèrè.

Fún ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́, Workforce Solutions ní ọ́fíìsì káàkiri kaúńtì 13 ní agbègbè Houston àti Galveston. Wọ́n ń bá awáṣẹ́ wo resume wọn. Àwọn ilé ìkàwé ìjọba ní Houston, Harris County àti Fort Bend ní kọ̀ǹpútà tí a lè lò. Àyè iṣẹ́ púpọ̀ sì wà lórí WorkInTexas.com, èyí tí ìpínlẹ̀ Texas ṣètò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú I Sámúẹ́lì 16:18, kí ló dé tí dùùrù fi ṣáájú ogun jíjà?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìrẹ̀lẹ̀ àti kí ènìyàn fi ara rẹ̀ pamọ́?
3. Ipò mẹ́rin wo ni Objective ti wúlò? Èwo ló kàn ọ́?
4. Bí a bá yọ orúkọ rẹ kúrò lórí resume rẹ, ǹjẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́ yóò mọ̀ pé ìwọ ni?

IṢẸ́ ILÉ: Mú resume rẹ jáde. Ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ sókè sétí ẹnì kan nínú ìdílé rẹ. Lẹ́yìn náà, bi í pé, "Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe?" Bí kò bá lè dáhùn, tún ìlà náà kọ, kí o sì mú un wá ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. A óò jọ wò ó lẹ́yìn ìsìn.

Kí Olúwa tó fi Dáfídì síwájú ọba fi ojúrere síwájú gbogbo àwọn tó ń wá iṣẹ́ láàárín wa, kí ó sì fi ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wa múlẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.